Ọmọ mi kì í sùn lóru, ṣé kí n gbé e lọ Ìkòròdú ní August?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Manchester ni mò ń gbé, ọmọ Ìkòròdú ni mí, ilé wa ò jìnnà sí Ìta Ẹlẹ́wà. Ọmọ mi ọkùnrin, Kòrédé, ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí wọ́n ti sọ fún wa pé ó ní ọ́tísíìmù (autism), pé ìdàgbàsókè ọpọlọ rẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, síkúùlù rẹ̀ náà ń gbìyànjú, oorun gan-an lọ̀rọ̀ tó fẹ́ pa wá. Màá gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì laago mẹ́jọ, kò ní sùn títí aago mọ́kànlá, á máa fò sókè, á máa kọ orin kan náà, á jáde wá sí pálọ̀, màá dá a padà, á tún jáde. Tó bá wá sùn tán, ó máa ń tó ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ tó jẹ́ pé aago méjì òru ló máa jí, á jókòó sínú òkùnkùn á máa rẹ́rìn-ín, á máa dá sọ̀rọ̀, ó di ìdájí kó tó tún sùn, ìgbà yẹn lèmi sì gbọ́dọ̀ dìde lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ alẹ́, èmi nìkan ni mo ń bá a yí i.

Màmá mi ní Ìkòròdú sọ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run ló ń wá bá a ṣeré lóru, pé kí n gbé e wálé ní August kí àwọn bá wa gbàdúrà sí i, pé kó tó dìgbà yẹn kí n máa fún un ní Piriton díẹ̀ tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Àbúrò mi tó wà ní Houston ní òun máa fi oògùn oorun kan, melatonin oní-gọ́mì, ránṣẹ́, pé wọ́n ń tà á nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́hùn-ún bí wọ́n ṣe ń ta súìtì. Ẹnì kan ní síkúùlù tún ní kí n ra bùláńkẹ́ẹ̀tì tó wúwo yẹn, owó rẹ̀ ò sì kéré. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ́tísíìmù ló fa gbogbo èyí ni, àbí èmi ni mi ò mọ ọmọ tọ́? Ṣé kí n tiẹ̀ gbé e lọ Ìkòròdú, àbí ńṣe ló máa burú sí i?

Ìyá Kòrédé

ÌDÁHÙN

Ìyá Kòrédé, ẹ kú ìtọ́jú o, ẹ kú àìsùn. Ará ilé ni wá, Ìgbógbó ni ilé bàbá tèmi, Birmingham ni mo wà, ọmọbìnrin mi náà ní ọ́tísíìmù, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni báyìí, ó sì ń sùn. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn ná, pé ó ń sùn, torí téèyàn bá wà nínú ẹ̀ ńṣe ló máa ń dà bíi pé bẹ́ẹ̀ náà ló máa wà títí ayé.

Ẹ yọ ọ̀rọ̀ pé ẹ ò mọ ọmọ tọ́ yẹn kúrò lọ́kàn. Nínú 100 ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, 50 sí 80 ni àwọn ìwádìí ń rí tí oorun ń yọ lẹ́nu, ti àwọn ọmọ yòókù ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣé gbogbo òbí ìyẹn náà ni kò wá mọ ọmọ tọ́ ni? Inú ara ló ti ń wá. Nǹkan kan wà tó ń jẹ́ melatonin, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni ọpọlọ máa ń tú u jáde, òun ló ń sọ fún ara pé ó tó àkókò oorun, àwọn tó ń ṣèwádìí sì ti rí i lára ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́tísíìmù pé tiwọn kéré. Ẹ wá fi kún un pé ohun tó ti mọ́ wa lára máa ń yọ wọ́n lẹ́nu, fíríìjì tó ń kùn ní kíṣìnì, lébẹ́ẹ̀lì ọrùn pàjámà tó ń yún wọn lára, iná ojú títì tó yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnì wọlé. Ọmọ míì á rí i pé gbogbo ilé ti ń palẹ̀ mọ́, ohùn àwọn àgbàlagbà ti ń lọ sílẹ̀, á mọ̀ pé àkókò oorun ti dé nìyẹn. Kòrédé lè má ka gbogbo ìyẹn sí nǹkan kan àfi tẹ́ ẹ bá fi hàn án.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó gbà pé ọ́tísíìmù nìkan ni, ẹ jẹ́ kí dókítà wo ara ọmọ yẹn dáadáa, torí ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ṣeré jù nìyẹn, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá gbé débẹ̀ wọ́n á ní ọ́tísíìmù ni, wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa lọ. Ṣé ó ń hanrun, ṣé ẹnu ló fi ń mí lóru? Tọ́nsìlì lè ti dí ọ̀nà ọ̀fun. Ṣé ìgbẹ́ rẹ̀ máa ń le, ṣé oúnjẹ máa ń ru padà sọ́fun rẹ̀ tó bá dùbúlẹ̀? Ọmọ tí kò tíì lè sọ pé inú ń run òun, ńṣe ló máa dìde. Wárápá náà pọ̀ láàárín àwọn ọmọ ọlọ́tísíìmù ju àwọn ọmọ yòókù lọ, òmíì sì wà tó jẹ́ pé lójú oorun ló ń wá, torí náà tẹ́ ẹ bá rí i tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n tàbí tí ojú rẹ̀ yí sókè, ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e lọ hàn wọ́n. Tó bá ń lo oògùn kankan, ẹ bi wọ́n bóyá òun ló ń lé oorun.

Èyí tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fò ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ló jẹ́ pé oúnjẹ méjì mẹ́ta péré ni wọ́n ń jẹ, búrẹ́dì, ṣíìpù, ìrẹsì funfun, wọn ò ní fẹnu kan ẹran tàbí ẹ̀fọ́, iron ara wọn á wá lọ sílẹ̀, tí iron bá sì lọ sílẹ̀ ẹsẹ̀ ọmọ ò ní sinmi lóru, á máa ta, á máa yí gbirigbiri. Ní Toronto lọ́dún 2007, wọ́n fún àwọn ọmọ ọlọ́tísíìmù ní iron fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, yíyí gbirigbiri yẹn dínkù lójú oorun wọn. Ẹ sọ fún GP, dókítà àdúgbò yín, pé ẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ ferritin wò, ìyẹn iron tí ara tọ́jú pamọ́, ẹ pè é bẹ́ẹ̀, torí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n ní ó pé láì wo ferritin rárá, tó bá sì jẹ́ ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sinmi lóru ni, àwọn dókítà oorun máa ń fẹ́ kó ju 50 lọ. Ẹ má lọ ra blood tonic fún un fúnra yín o, iron tó bá pọ̀ jù lára ọmọdé, májèlé ni.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ rí GP, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ọ́ sílẹ̀, aago tẹ́ ẹ gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, aago tó sùn gangan, aago tó jí, bóyá ó sùn lọ́sàn-án, bóyá ó yàgbẹ́. Dókítà tẹ́ ẹ bá kàn sọ fún pé ọmọ ò sùn á ní kẹ́ ẹ ní sùúrù, tẹ́ ẹ bá gbé ìwé yẹn kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà.

Wàyí o, aago mẹ́jọ yẹn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ jù. Tó bá jẹ́ aago mọ́kànlá ni oorun ń kun Kòrédé, tẹ́ ẹ sì ń gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì láti aago mẹ́jọ, wákàtí mẹ́ta gbáko ló fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lajú lórí bẹ́ẹ̀dì, lálaalẹ́, bẹ́ẹ̀dì á sì di ibi eré àti ibi ìjà. Ẹ jẹ́ kó pẹ́. Mo mọ̀ pé ó máa ṣe yín bákan, torí bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni pé ọmọdé gbọ́dọ̀ tètè sùn, ṣùgbọ́n ibi tí oorun rẹ̀ wà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀: kó gun bẹ́ẹ̀dì nígbà tí aago mọ́kànlá bá kù díẹ̀, kó sùn kíá. Tó bá ti ń sùn kíá fún bí ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, ẹ fà á sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú 15, ẹ dúró síbẹ̀ títí á fi mọ́ ọn lára, ẹ tún fà á. Ẹ má kánjú. Àárọ̀ ni kò gbọdọ̀ yí padà, aago kan náà ni kó máa jí, Sátidé, Sọ́ńdè, ọlidé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago mẹ́ta òru ló sùn, kẹ́ ẹ sì bẹ àwọn tó ń wa bọ́ọ̀sì síkúùlù kí wọ́n má jẹ́ kó sùn lọ́nà ilé. Ọmọ ọdún mẹ́fà yẹ kó máa sùn tó wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́, ẹ máa dé ibẹ̀, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni.

Wákàtí kan kó tó gun bẹ́ẹ̀dì, kí tẹlifíṣàn àti tábúlẹ́ẹ̀tì kú, kí iná ilé lọ sílẹ̀, kí nǹkan máa tò tẹ̀ léra wọn bákan náà lálaalẹ́. Fọ́tò ni mo fi ṣe tiwa: mo ya bálùwẹ̀ wa gan-an, pàjámà rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì eyín rẹ̀, ife omi rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo tẹ̀ wọ́n jáde mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tó bá wẹ̀ tán á ṣí fọ́tò bálùwẹ̀ kúrò, á jù ú sínú agolo Bournvita tó ti ṣófo, a ó gbọ́ ìró rẹ̀, ó kan pàjámà. Kò sí ẹni tó ń sọ “ó yá, lọ sùn” mọ́, ògiri ló ń sọ ọ́, ìyẹn sì pa ìjà púpọ̀ nílé wa. Ní Amẹ́ríkà, Beth Malow, dókítà oorun ní Vanderbilt, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kó òbí 80 jọ, wọ́n kọ́ wọn ní irú ètò alẹ́ báyìí, wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2014, wákàtí kan péré tí wọ́n fi bá òbí jókòó, tí wọ́n wá pè é lórí fóònù lẹ́yìn náà, ti tó láti mú kí àwọn ọmọ tètè máa sùn. Torí náà ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kékeré ni.

Ti aago méjì òru yẹn yàtọ̀. Gbogbo wa la máa ń jí díẹ̀ láàárín òru, a kàn ń yíra padà a sì ń bá oorun lọ ni. Ọmọ tó sùn lọ nígbà tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ tì í, tí iná pálọ̀ sì ń tàn, tó bá jí díẹ̀ báyìí tí kò bá yín, tí iná ti kú, ojú rẹ̀ á là pátá. Ilé bàbá mi ní Ìgbógbó ni mo ti fojú ara mi rí i. Fáànù òkè àjà ibẹ̀ máa ń dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀, inú ìró yẹn lọmọ mi sùn sí. NEPA mú iná lọ. Kò sẹ́ni tó pariwo, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, fáànù kàn ń rọra dínrìn kù, kẹ̀ẹ̀, kẹ̀ẹ̀, ó dúró, bó ṣe dúró gẹ́lẹ́ ló dìde jókòó. Kì í ṣe ooru o, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ara tutù. Ìró tó bá lọ sójú oorun ni kò sí mọ́. Ohun tó bá wà níbẹ̀ nígbà tí Kòrédé ń sùn lọ, òun náà ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, iná kan náà, ìró kan náà, kẹ́ ẹ sì máa rọra sún àga yín sẹ́yìn láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lálẹ́ kan sí òmíì, títí ẹ ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Tó bá jí, ẹ má tan iná, ẹ má bá a sọ̀rọ̀ gígùn, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó padà, ẹ jáde.

Melatonin ńkọ́? Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò ní parọ́ fún yín, àmọ́ ẹ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ní Ìlú Ọba níbí, wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọ 146 tí ìdàgbàsókè ọpọlọ wọn yàtọ̀, àwọn ọlọ́tísíìmù wà nínú wọn, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé e jáde ní 2012: àwọn tó lò ó fi bí ìṣẹ́jú 37 tètè sùn lọ, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 22 péré ló fi kún gbogbo oorun òru wọn, torí wọ́n tún ń tètè jí. Ẹ rí i pé bó bá ran aago mọ́kànlá lọ́wọ́, ó lè má ran aago méjì lọ́wọ́. Irú èyí tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ lára wà, Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 2018 fún àwọn ọmọ ọlọ́tísíìmù láti ọmọ ọdún 2 sí 18 tí ètò alẹ́ nìkan ò tó fún. Ìtọ́ni tí àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2020 náà sọ bí ó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra: kí wọ́n kọ́kọ́ wá àìsàn tó fara pamọ́, kí ètò alẹ́ tẹ̀ lé e, kí melatonin wá kẹ́yìn, díẹ̀ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí dókítà ló ń kọ ọ́, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún àbúrò yín kó dá gọ́mì yẹn dúró ná: ní 2023, wọ́n yẹ irú gọ́mì yẹn 25 wò ní Amẹ́ríkà, 22 nínú wọn ni ohun tó wà nínú wọn ò bá ohun tó wà lára ike mu, òmíì ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, ọ̀kan ò tiẹ̀ ní melatonin kankan nínú.

Bùláńkẹ́ẹ̀tì olówó gọbọi yẹn, ẹ tọ́jú owó yín. Wọ́n ti dán an wò lára ọmọ ọlọ́tísíìmù 67, ìwé ìwádìí náà jáde ní 2014, àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀, àwọn òbí fẹ́ràn rẹ̀, oorun ò fi ìṣẹ́jú kan gùn sí i. Piriton àti Phenergan tó jọ ọ́ kì í ṣe ohun tí à ń fún ọmọ lálaalẹ́ torí kó lè sùn, ọmọ á máa tòògbé ní síkúùlù, láìpẹ́ ara á ti mọ́ ọn kò ní ràn án mọ́, ọmọ míì tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ńṣe ló máa ń sáré kiri ilé tó bá lò ó. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sọ fún Màmá pé Phenergan lè dá èémí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì dúró, torí mo mọ̀ pé ó ṣì ń wọ́pọ̀ ní Ìkòròdú, tọ́mọ bá ti ń sunkún lóru báyìí, wọ́n á ní kí wọ́n sáré lọ kẹ́míìsì.

Ti ẹgbẹ́ tí Màmá sọ, wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ẹ má bá wọn jà. Ọmọ tó ń jí laago méjì tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń tún ọ̀rọ̀ inú kátúùnù sọ, àwọn òbí òyìnbó tí wọn ò gbọ́ ẹgbẹ́ ọ̀run rí láyé wọn náà ní irú rẹ̀ nílé, ara ọmọ yẹn kàn rò pé ilẹ̀ ti mọ́ ni. Kí Màmá gbàdúrà fún un, àdúrà ìyá àgbà dára, kí wọ́n gbà á lọ́sàn-án nínú ilé. Ohun tí mi ò ní gbà láéláé ni kí wọ́n gbé ọmọ tí kì í sùn lọ síbi ìṣọ́ òru títí di mọ́júmọ́, tàbí kí ẹnikẹ́ni febi pa á tàbí nà án pé òun ń lé nǹkan jáde lára rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún wọn lórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò ní Manchester, kó má di ọ̀rọ̀ ojúkojú.

Ẹ gbé e lọ o. Tó bá jẹ́ August, aago Manchester àti ti Ìkòròdú dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ló sì rí láti ìparí March dé ìparí October, ara rẹ̀ ò ní yí wákàtí kankan. Oòrùn tiẹ̀ máa ràn yín lọ́wọ́: ní Manchester ní June, aago mẹ́sàn-án àbọ̀ kọjá kó tó wọ̀, Ìkòròdú ńkọ́, jálẹ̀ ọdún, tó bá ti tó aago méje, ilẹ̀ ti ń ṣú, ọpọlọ ọmọ á mọ̀ pé alẹ́ ti dé. Tẹ́ ẹ bá padà, ẹ ra kọ́tìnì dúdú tó nípọn fún yàrá rẹ̀.

Oògùn ibà tẹ́ ẹ máa lò kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ sọ fún wọn pé ọmọ ò sùn dáadáa àti pé ó ní ọ́tísíìmù. Mefloquine, tí wọ́n ń pè ní Lariam, lè fa àìsùn àti àlá burúkú, ẹni tó ní wárápá ò sì gbọdọ̀ fẹnu kàn án, òmíì wà tí wọ́n lè fún yín. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ẹ ra á báyìí kẹ́ ẹ ta á sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní Manchester, kí òórùn rẹ̀ àti bó ṣe ń kan ojú ti mọ́ ọn lára. Ẹ wá ọkọ̀ òfuurufú tó máa balẹ̀ láàárọ̀ tẹ́ ẹ bá rí i, torí tẹ́ ẹ bá balẹ̀ ní Ìkẹjà nírọ̀lẹ́, go-slow Kétu àti Mile 12 á ti gbé oorun lé e nínú mọ́tò. Fáànù tó ń lo bátìrì ni kó máa fi sùn, kì í ṣe ti NEPA, ẹ ra á kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn án fún un láti ìsinsìnyí, ìró rẹ̀ náà á bo jẹnẹrétọ̀ alábàágbé àti lásípíkà ìdájí mọ́lẹ̀. Kí Màmá má fún un ní Lipton tàbí Coke tó bá ti di ọ̀sán, kí àwọn tó fẹ́ wá kí àlejò òyìnbó sì wá lọ́sàn-án. Fọ́tò ògiri, ẹ lọ ya bálùwẹ̀ Màmá tẹ́ ẹ bá débẹ̀, agolo náà kò ní wọ́n nílé wọn. Ìyá tèmi ló gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ mi pátápátá, àwọn ni wọ́n ń gbé agolo, àwọn ni wọ́n ń pè é wá síbi ògiri.

Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí i níbẹ̀ tó ju agbára yín lọ, ẹ má dúró ní kẹ́míìsì, ilé ìwòsàn LASUTH wà ní Ìkẹjà, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábà náà ní ẹ̀ka ti àwọn ọmọdé ní Òṣòdì, àwọn yẹn mọ ohun tí ọ́tísíìmù jẹ́.

Ìwé ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ òní. Kí ferritin ti jáde kẹ́ ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí n gbọ́ iye tó jẹ́.